Iṣẹ́ Tí Bàbá Wanju Rán Peishan

Igi méjèèjì balẹ̀ gbà lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì dojú dé ilẹ̀. Ó kọ̀.

Peishan bojú wẹ̀yìn. Ó ń gbọ́ ìró ife láti ilé ìdáná, níbi tí Wanju ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń po tíì fún un. Ó yára ṣa igi náà nílẹ̀. Igi pupa kéékèèké méjì ni, wọ́n gbẹ́ wọn bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ikùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn wọn sì yọ gọ́ńgọ́. Kò sí ilé kan ní abúlé etí òkun yẹn tí kò ní irú rẹ̀ lórí pẹpẹ àwọn òkú ilé. Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ bi òkú, sọ ọ́, kí o sì da igi sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣíkùn sókè tí ìkejì dojú bolẹ̀, òkú gbà. Bí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, òkú kọ̀. Bí méjèèjì bá sì ṣíkùn sókè, ó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni. Lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ rò.

Ó gbójú sókè wo fọ́tò tó wà lórí pẹpẹ. Bàbá Wanju ló wà nínú rẹ̀, oòrùn ti sun ojú rẹ̀ dúdú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́ tójú sì ń tì.

"Bàbá Wanju, ẹ jọ̀ọ́," ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè. "Ìtàn yín nìkan ni mo fẹ́ lò. Kò ní pa yín lára. Ẹ ṣáà gbà fún mi."

Ó dà á. Ikùn méjèèjì ṣí sókè. Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín.

Ó tún dà á, ó kọ̀. Ó tún dà á, ó tún kọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti ń làágùn, igi náà sì ti ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò dúró kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ń ṣe. Ó ń ṣa á, ó ń dà á, ó ń ṣa á, ó ń dà á, àfi ìgbà tí ọ̀kan ṣíkùn tí ìkejì dojú bolẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Kí lò ń bi bàbá mi?" Wanju ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú tíì lọ́wọ́.

"Ọ̀rọ̀ íńtáfíù mi ni. Mo ní kí wọ́n ràn mí lọ́wọ́."

"Ṣé wọ́n gbà?"

"Wọ́n gbà."

Inú Wanju dùn, ẹ ò rí i. "Mo mọ̀! Bàbá mi fẹ́ràn ẹ jù. Ìgbà tí wọ́n wà láyé, bí mo bá gba máàkì tí kò dáa, ṣe ni wọ́n á ní, 'Lọ bá Peishan, kó fi díẹ̀ nínú ọpọlọ ẹ̀ ta ẹ́ lọ́rẹ.'"

Peishan rẹ́rìn-ín. Ó gba tíì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó gbé e dé ìdí pẹpẹ yẹn nìyí. Yunifásítì kan wà ní Taipei, olú-ìlú ilẹ̀ wọn, tí wọ́n ti ń so ẹ̀kọ́ òfin àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé pọ̀ di oyè kan ṣoṣo. Láti kékeré ni Peishan ti ń lé e. Máàkì rẹ̀ tó, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n máàkì nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé nípa ara rẹ̀, kó sì fojú kan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbà tí Tíṣà Jian ka èyí tó kọ́kọ́ kọ, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì mi orí.

"Peishan, ìwé yìí gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sórí òrùlé. 'Mo fẹ́ràn òfin, mo sì fẹ́ràn ọrọ̀-ajé.' Ta ni ò lè kọ ìyẹn? Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ ènìyàn fi fẹ́ kọ́ méjèèjì pọ̀. Kí lojú ẹ rí?"

Kí lojú ẹ rí. Ìbéèrè yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀, torí ojú Peishan ti rí nǹkan.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Wanju fi sin ẹja nínú adágún tó wà lẹ́yìn abúlé. Kì í ṣe adágún rẹ̀, ó yá a ni. Òun àti ẹni tó ni ín kò kọ ìwé kankan. Wọ́n mu tíì, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó parí. Ẹni tó ni ín kú, ọmọ rẹ̀ jogún adágún. Ilé-iṣẹ́ sólà dé, wọ́n fẹ́ to gíláàsì tó ń fi oòrùn ṣe iná mọ̀nàmọ́ná bo gbogbo omi náà, ohun tí wọ́n sì fẹ́ san, ẹja ò lè pa á láéláé. Wọ́n ní kí Bàbá Wanju kó ẹja rẹ̀ kúrò. Ẹja ò tíì tó kó. Ó bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú, wọ́n rí fìlà rẹ̀ lójú omi, wọ́n sì rí i nísàlẹ̀. Bóyá ẹsẹ̀ ló yọ̀, bóyá ẹsẹ̀ kọ́ ló yọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ títí dòní.

Òfin wà níbẹ̀, ọrọ̀-ajé wà níbẹ̀, òkú náà wà níbẹ̀. Peishan jókòó, ó kọ ọ́, omi bọ́ lójú Tíṣà Jian nígbà tó kà á. "Háà, ìwé rèé!" ni tíṣà wí. "Ó yẹ kó o ti sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ ló ṣẹlẹ̀ sí."

Bẹ́ẹ̀ ni o. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi" ni Peishan pe Bàbá Wanju nínú ìwé náà. Ẹni tó gba adágún lọ́wọ́ rẹ̀ sì di "onílẹ̀ kan". Onílẹ̀ yẹn, ẹ̀yin ará mi, bàbá Peishan gan-an ni.

Láti ọjọ́ tó ti da igi, tó sì fi ìwé náà ránṣẹ́, ni nǹkan kan ti ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí Bàbá Wanju wà láyé, ẹ̀rọ kan wà lójú adágún tó ń lu omi kí ẹja lè mí. Tọ̀sán-tòru ló ń dún, ṣàpà, ṣàpà, ṣàpà. Wọ́n ti hú ẹ̀rọ náà, wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, gíláàsì ti bo omi. Ṣùgbọ́n Peishan ń gbọ́ ọ. Ó ń gbọ́ ọ ní kíláàsì bí ariwo bá rọlẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ nílé ìwẹ̀, á sì pa omi kó lè tẹ́tí dáadáa. Ìgbà mìíràn á wo ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ojú ẹsẹ̀ tútù kan wà níbẹ̀. Ilẹ̀ á gbẹ. Ìyẹn gan-an ló tún ń dẹ́rù bà á.

"Ta lò ń dà láàmú?" ni Àmá bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àmá ni ìyá bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń bọ́ mọ́ ọn lójú. Àwọn méjèèjì ló jókòó síta, wọ́n ń bó ẹja eléèpo etí òkun tí wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀.

"Mi ò da ẹnikẹ́ni láàmú, Àmá."

"Ò ń wẹ̀yìn bí adìẹ tó jí àgbàdo jẹ."

Peishan mú òmíràn bó. "Àmá, bí ènìyàn bá da igi tí wọ́n kọ̀, tó tún dà á, tó ń dà á lọ títí wọ́n fi gbà ńkọ́?"

Àmá bú sẹ́rìn-ín. "Nígbà tó o wà ní kékeré, o máa ń di aṣọ mi mú nítorí súìtì. 'Àmá, fún mi. Àmá, fún mi.' Nígbà tó bá sú mi, mo máa ń ní, 'Gbà, kó o sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀.' Ṣé o rò pé mo fẹ́ kó o jẹ súìtì yẹn ni?" Ó ju èèpo sínú igbá. "Wọ́n ti dáhùn nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń da igi títí wọ́n fi gbà, kì í ṣe pé ó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Ó ń pàṣẹ fún òkú ni. Òkú kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni."

Peishan mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n ìwé ti lọ, kò ṣe é fà padà. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, torí nọ́ńbà fóònù tíṣà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ Taipei, Wanju wá sílé wọn. Wanju ò lọ sí yunifásítì kankan o. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àárọ̀, ó ń fi ẹyin dín àkàrà ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ fún àwọn tó ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. Kò bínú sí Peishan rí. "Ìwọ kọ́ lo gba adágún," ló máa ń sọ. Ó gbé ọ̀rá kan fún un. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́ dáadáa.

"Wọ èyí lọ. Tìẹ ti pọ́n lọ́rùn, mo ti rí i."

"Wanju, titun ni. Àmì rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀."

"Bàbá mi ló rà á, pé kí n wọ̀ ọ́ lọ síbi íńtáfíù tèmi." Ó gbé èjìká sókè. "Ta ni kó wọ̀ ọ́? Ẹ̀rọ ìdín ẹyin? Gbà, jàre. Kó jẹ́ pé ẹnì kan nínú wa ṣáà dé bẹ̀."

Peishan gbà á. Ì bá ti sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì, ó ní, "O ṣé."

Nínú reluwé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn omi adágún ń ti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà jáde. Ó gbóòórùn apá kan, ó gbóòórùn ìkejì. Ọṣẹ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé orí sókè báyìí, òórùn náà dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló ń dúró dè é nínú yàrá náà. Bàbá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin, ọkùnrin kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí tó jẹ́ ti ọrọ̀-ajé, àti ìyá kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ife tíì mú. Ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. A ka ìwé rẹ, ó wọ̀ wá lára."

"Ẹ ṣé, mà."

Wọ́n bi í ní èyí, wọ́n bi í ní tọ̀hún. Peishan ń dáhùn, ẹnu rẹ̀ ń dá ṣáká. Ó ti ka gbogbo rẹ̀ sórí: àdéhùn àfẹnusọ, ẹ̀tọ́ ẹni tó yá ilẹ̀, èrè àti àdánù. Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ń mi orí pé ó dáa. Peishan ti ń rò ó pé òun ti wọlé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀-ajé wá yí ìwé náà padà. "Ẹnì kan wà nínú ìtàn yìí tí mi ò rí ojú rẹ̀. Onílẹ̀ kan. Kò lórúkọ, kò lẹ́nu. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, owó sì wà lẹ́yìn rẹ̀, o sì fi í sílẹ̀ sínú òkùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ lè gbọ́ tẹnu òun náà. Bó bá jókòó síbi tó o jókòó sí yìí, kí ni yóò sọ?"

Peishan la ẹnu. Ìró náà dé, ó súnmọ́ ọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí ẹni pé ẹ̀yìn àga rẹ̀ gan-an ni omi wà. Ṣàpà, ṣàpà.

Ó rántí pálọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún tuntun. Bàbá rẹ̀ jókòó, Bàbá Wanju jókòó sétí àga bí ẹni tí ò fẹ́ fi ẹrẹ̀ yí i. Òun Peishan ló ń bu tíì fún wọn. "Ẹ fún mi láàyè kí ẹja tó kó," ni Bàbá Wanju wí, "ìyẹn nìkan ni mo tọrọ." Bàbá rẹ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ò ní dúró. Bàbá Wanju wá yíjú sí òun. "Peishan, ìwọ tó o kàwé, ìwọ ni bàbá ẹ máa ń gbọ́ tiẹ̀. Bá mi bẹ̀ wọ́n." Òun sì wo inú ìkòkò tíì. Òun ní omi gbígbóná ti tán, òun sì dìde lọ sí ilé ìdáná, òun dúró síbẹ̀ títí ó fi lọ.

"Ó máa ní..." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Ó máa ní òun lọ́mọ kan tó fẹ́ lọ sí yunifásítì ní Taipei."

"Báwo lo ṣe mọ̀?" ni ìyá náà bi í jẹ́jẹ́.

"Èmi lọmọ náà, mà."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: adágún, ìkòkò tíì, orúkọ tó yí padà, títí kan ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀. Kò sunkún, torí ó mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹkún tọ́ sí.

Ìyá náà gbé ife sílẹ̀. "Mo dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Kò rọrùn. Ṣùgbọ́n o fọwọ́ sí ìwé yìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin la wà yìí, ọmọ mi."

Wọn ò mú un. Ẹ má rò pé òtítọ́ tó sọ nígbẹ̀yìn ṣílẹ̀kùn fún un. Kò ṣí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Wanju ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró títí àwọn oníbàárà fi dínkù. Ó sọ fún un. Wanju ò gbójú sókè. Ó ń yí ẹyin padà nínú agbada, ó ń yí i, ó ń yí i, títí ìdí rẹ̀ fi jó.

"Ṣẹ́ẹ̀tì mi dà?"

Peishan nà án sí i. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́.

"Nígbà tó o ní wọ́n gbà," Wanju wí, "ẹ̀ẹ̀melòó lo dà á?"

"Mi ò kà á."

"Ó tì o!" Wanju fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi lé sí i lójú. "O jókòó síwájú bàbá mi, ò ń yọ wọ́n lẹ́nu, èmi ń po tíì fún ẹ!"

"Wanju, jẹ́ kí n lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa dà á."

Wanju bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣíwájú lọ sílé. Nígbà tí wọ́n dé ìdí pẹpẹ, Peishan tan tùràrí, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó dà á. Igi méjèèjì dojú bolẹ̀.

Ó kọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ lọ síbẹ̀. Ó dá a dúró. Ó forí balẹ̀, ó ṣa igi náà, ó sì dá wọn padà sí àyè wọn lórí pẹpẹ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Wanju dúró sí ní gbogbo àkókò yẹn.

"Kí ni bàbá mi tiẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ ẹ rí?" Wanju bi í. "Ní gbogbo ayé wọn?"

"Wọ́n ní kí n bá wọn bẹ bàbá mi."

"Ṣé o bẹ̀ ẹ́?"

"Mo dìde lọ sí ilé ìdáná."

"Kí lo wá ń wá níbí?" Wanju ṣílẹ̀kùn fún un. "Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Bàbá Peishan yọ egungun kúrò lára ẹja, ó fi ikùn rẹ̀ tó lọ́ràá sínú abọ́ ọmọ rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. "Jẹun, má banú jẹ́," ó wí. "Ìdánwò mìíràn ń bọ̀ nígbà ooru. Wọ́n á mú ẹ níbòmíràn."

Peishan gbé igi ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, Bàbá Wanju rán mi sí yín."

Ọwọ́ bàbá rẹ̀ dúró lókè. Àmá yí etí rẹ̀ sí wọn.

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rán mi, èmi ni mi ò jẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín, kí ẹ fún àwọn láàyè kí ẹja tó kó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ fún wọn láàyè."

Kò sẹ́ni tó lè fún ẹnikẹ́ni láàyè mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀. Bàbá rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé, síbi tí gíláàsì sólà ti ń dán lórí omi nínú oòrùn tó ń wọ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀. "Ká ní o sọ ọ́ nígbà yẹn," ó wí, "ǹ bá ti gbọ́. Ìwọ ni mo máa ń gbọ́ tiẹ̀." Ìyẹn dun Peishan ju bí wọn ò ṣe mú un ní Taipei lọ.

Peishan tẹ́tí. Kò sí ìró kankan láti ẹ̀yìn abúlé.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé, ẹ gbọ́ mi. Ẹnu tí Ọlọ́run fi fún yín, ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ ni kí ẹ lò ó. Bí ẹni tí ìyà ń jẹ bá ní kí ẹ bá òun sọ̀rọ̀, ẹ má sá lọ sí ilé ìdáná, kí ẹ má sì padà wá fi ìyà rẹ̀ ta ọjà ara yín lẹ́yìn tó bá kú. Bí ẹ bá sì bèèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní rárá, ẹ gbà pé rárá ni. Iṣẹ́ tí a pẹ́ jẹ́ sàn ju èyí tí a kò jẹ́ rárá lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó rán Peishan kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ èsì.